Ìkà tó gba ilé, tó tún borí ní kóòtù: ṣé inú rẹ̀ lè dùn dénú láìsí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀?

Aláròkọ Ṣómólú

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kí n gbé e wá bá yín.

Eré orí ìtàgé ni mò ń kọ. Pópó Àgùdà, ní Erékùṣù Èkó, ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé, lọ́dún 1998. Morẹ́nikẹ́ ni ìkà inú rẹ̀, ó ń ta léèsì ní Balógun. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú. Morẹ́nikẹ́ yí ìwé ilé sórúkọ ara rẹ̀, ó kó ẹrù opó àti ọmọ mẹ́rin síta nínú òjò oṣù keje, ó wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí baba ńlá wọn kọ́ nígbà tó ti Bràsíl dé, ó sì kọ́ alájà mẹ́ta sójú ibẹ̀. (Ẹni tó bá wà nítòsí nígbà tí wọ́n wó Ilojo Bar ní 2016, ilé tó ti dúró láti 1855, á mọ irú nǹkan tí mo ní lọ́kàn.) Opó gbé e lọ sí kóòtù ní Igbosere, Morẹ́nikẹ́ borí. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì sí ẹni tó ń wọlé tọ̀ ọ́ àfi ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Mo fẹ́ kí eré náà parí báyìí: Morẹ́nikẹ́ jókòó sí òkè ilé rẹ̀ lálẹ́, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí i, inú rẹ̀ sì dùn dénú. Kì í ṣe ẹ̀rín orí ètè. Mo fẹ́ kí òǹwòran gbé ìbínú lọ sílé.

Olùdarí eré wa kọ̀. Ó ní ẹni tí kò ní ìfẹ́ kò lè ní ayọ̀ láéláé. Ó ní kí n fún un lọ́kọ nínú ìran tó kẹ́yìn kí ayọ̀ náà lè rí ẹsẹ̀ dúró, tàbí kí n jẹ́ kó ya wèrè. Ọ̀kankan nínú méjèèjì ò wọ̀ mí lọ́kàn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ti kó ẹrù ìyá mi síta rí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹni tó kó o síta kò ya wèrè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó ya wèrè, mo bẹ̀ yín. Mo ta fíìmù Yorùbá ní Ìdúmọ̀tà láti ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò títí síídì fi kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ìkà tó ń jẹ́wọ́ láàárín ìgboro pẹ̀lú àkísà lára, mi ò lè ka iye wọn. Oníbàárà á yí páálí fíìmù síwá sẹ́yìn, á bi mí pé ṣé èyí náà á tún ya wèrè ni. Ti ọkọ yẹn tiẹ̀ wá burú jù. Ọkọ tó yọ nígbà tí eré ti ń parí lọ, ibo ló ti ń bọ̀ látàárọ̀?

Tíṣà Yábàá

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká dé Ìbàdàn díẹ̀ ká tó padà sí Pópó Àgùdà. Tí wọ́n bá ti dárúkọ obìnrin ìkà nínú lítíréṣọ̀ wa, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ló ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu. Inú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970 ni ọ̀pọ̀ wa ti pàdé rẹ̀: Ìyálóde tí kò ní ọmọ láyé mọ́, tó wá pàṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Mo ti fi eré yẹn kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀dọọdún ni ọmọ kan máa ń nawọ́ sókè, á ní, "Tíṣà, tó bá wá pa wọ́n tán, ṣé inú rẹ̀ máa ń dùn?" Mo mọyì ìbéèrè yẹn ju èyí tí wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò lọ.

Ẹfúnṣetán ti inú ìtàn gidi ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Oníṣòwò ńlá ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Nígbà tí Ààrẹ Látòóṣà fẹ́ rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ sílẹ̀ pé ó kà sí i lẹ́sẹ̀. Kò bá òun lọ sógun. Kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Ẹ̀kẹta, kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde wá sẹ́yìn odi láti wá kí òun kú àbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ẹ̀kẹta yẹn. Ààrẹ Ìbàdàn ni o. Ó ní ọmọ ogun, ó ní ẹrú, gbogbo ìlú ń wárìrì fún un, síbẹ̀ ó ń bínú nítorí pé obìnrin kan kò wá kí i kú àbọ̀. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n pa Ẹfúnṣetán lóru, àwọn ẹrú inú ilé rẹ̀ gan-an ni wọ́n lò. Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu bóyá Morẹ́nikẹ́ láyọ̀ tàbí kò láyọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa kí i kú oríire. Ọkọ kọ́ ni mo ní kí ẹ wá. Ẹni tó máa kí i ni.

Ìyá Aláṣọ Balógun

Ọ̀rọ̀ Tíṣà yẹn gbá mi mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin kan wà ní làìnì wa. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ dáwó, wọ́n ra ọjà láti òkè òkun. Nígbà tí ọjà gúnlẹ̀ sí Àpápá, ó gba ẹ̀yìn lọ kó gbogbo rẹ̀, ó wá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ sunkún títí, ó kó kúrò lọ́jà. Owó yẹn ni obìnrin yìí fi gba ṣọ́ọ̀bù ojú títì kan tí gbogbo wa ti ń lé láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tó wọlé sí mi. Mínírà tútù méjì ló rà dání. Kò wá sọ́dọ̀ mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Màmá, mo ti rí ṣọ́ọ̀bù yẹn gbà o." Mo ní, "Háà! Ẹ kú oríire! Báwo lẹ ṣe rí i ṣe?"

Mi ò ní nǹkan kan nínú. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń béèrè tí wọ́n bá gbọ́ oríire nìyẹn. Àmọ́ mo rí i tí ẹnu rẹ̀ là, tó tún pa dé. Ó mu díẹ̀ nínú mínírà rẹ̀, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, ó jáde. Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ bó ṣe rí i ṣe.

Àwọn àgbà ní inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ayọ̀ á máa hàn lójú ẹni. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti rí i pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ayọ̀ ní ìtàn, ìtàn náà la sì máa ń gbádùn jù. Nígbà tí èmi gba ṣọ́ọ̀bù mi, odindi oṣù kan ni mo fi ń sọ ọ́ kiri: bí òjò ṣe pa mí lọ́nà Ẹ̀bútè-Mẹ́tta, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe yá mi lówó ọkọ̀, bí mo ṣe tẹ́wọ́ gba kọ́kọ́rọ́ tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn sí i. Obìnrin yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní ìtàn rẹ̀. Kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, èyí tó bá sì purọ́ rẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹni tí Morẹ́nikẹ́ lè jókòó tì, kó sọ gbogbo rẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni kò ní. Ohun tó jẹ́ ìṣòro rẹ̀ lójú tèmi nìyẹn.

Adágbé Sùúrùlérè

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀, ẹ má bínú.

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí. Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ, èmi nìkan ni mò ń gbé, inú mi sì ń dùn. Kì í ṣe ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ń dùn. Nítorí náà ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń fi ọkọ ṣe òṣùwọ̀n ìfẹ́. Èdè wa gan-an ló so ó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan, a ní ó fẹ́ ẹ. Ẹni tó gbé ìyàwó, a ní ó fẹ́ ẹ. Inú fẹ́ kan náà ni ìfẹ́ ti jáde. Morẹ́nikẹ́ fẹ́ ilé, ó sì fẹ́ ẹ ju bí ọ̀pọ̀ ọkọ ṣe fẹ́ ìyàwó wọn lọ. Ìfẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹ́ ni kò sí. Ẹ wo orúkọ tí ẹ fún un, Aláròkọ: mo rí ẹni kẹ́. Ta ló rí?

Ẹ má sì rò pé kò sẹ́ni tó ń fẹ́ràn ẹni tó ṣe ibi. Ẹfúnróyè Tinúbú ta ẹrú. Kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1856. Abẹ́òkúta gbà á mọ́ra, wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864 nítorí ìrànlọ́wọ́ tó ṣe nígbà ogun Dàhòmì. Orúkọ rẹ̀ ni a ń pè lójoojúmọ́ tí a bá ń wọkọ̀ lọ sí Ìta Tinúbú. Orúkọ àwọn tó tà, ta ló mọ̀ ọ́n? Tí a bá ń tẹnu mọ́ ọn pé ìkà ò lè láyọ̀, ara wa là ń tù nínú. Ẹ di ìparí yín mú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkọka

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ìmọ̀ ọgbọ́n orí ni mò ń kà ní yunifásítì. Aristotle ará Gíríìsì kọ ọ́ nínú Nicomachean Ethics pé kò sẹ́ni tó máa yàn láti wà láyé láìlọ́rẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ ní gbogbo ohun rere yòókù. Ó tún sọ níbẹ̀ pé ẹni burúkú máa ń sá fún ara rẹ̀, á máa wá ẹni tí wọ́n á jọ lo ọjọ́, torí pé tó bá dá wà, ohun tó ti ṣe á máa padà wá sí i lọ́kàn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àga orí òkè yẹn gan-an ni ibi tó le jù fún Morẹ́nikẹ́ láti jókòó sí.

Adágbé Sùúrùlérè

O ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ ẹni tó gbà pé ibi ni òun ṣe ni Aristotle ń bá wí. Tó bá jẹ́ pé lójú Morẹ́nikẹ́ òun ló jàre ńkọ́? Irú wọn ló pọ̀ jù. Oorun wọn dára ju tèmi lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹjà

Ìwádìí kan wà tí Harvard bẹ̀rẹ̀ ní 1938, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin kan láti ìgbà ọ̀dọ́ títí wọ́n fi dàgbà. Ohun tó yé wọn ni pé àjọṣe tó dán mọ́rán pẹ̀lú àwọn ènìyàn ló ń ti ìlera àti ìdùnnú ọjọ́ alẹ́ lẹ́yìn, ju owó àti òkìkí lọ. Mo gbà á gbọ́, torí ohun tí mò ń rí níbi iṣẹ́ bá a mu. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbé e wá sí wọ́ọ̀dù wa, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Wọ́n wá san owó, wọn ò yọjú sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun ti ṣe àwọn nǹkan kan tí wọn ò lè gbàgbé, pé òun ò dá wọn lẹ́bi, pé ara sì tu òun bẹ́ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun dáadáa, ó ń bá wa sọ ìtàn Èkó àtijọ́. Ẹni tó bá rí i á ní ó láyọ̀. Àmọ́ aago mẹ́rin la máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wá kí aláìsàn. Lójoojúmọ́, tó bá ti ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ní kí n bá òun mú kóòmù. Á ya irun rẹ̀, á tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, á jókòó dáadáa. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ta ni wọ́n ń retí. Ó ní òun ò retí ẹnikẹ́ni.

Aláròkọ, ẹ wá kóòmù Morẹ́nikẹ́.

Aláròkọ Ṣómólú

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run á san án fún yín.

Adágbé, ibi tó ń dùn mí lẹ fọwọ́ bà. Lójú Morẹ́nikẹ́, òun ló jàre. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń kiri àkàrà kí àbúrò rẹ̀ lè lọ sílé ìwé. Ìwé tí àbúrò kà yẹn ló mú kí ẹbí kó ìwé ilé lé e lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ bi Morẹ́nikẹ́ léèrè. Nígbà tí àbúrò kú, tirẹ̀ ló kàn gbà padà. Mi ò tíì fi èyí sínú eré, torí mò ń bẹ̀rù pé òǹwòran á káàánú rẹ̀.

Ìyókù ọ̀rọ̀ náà rèé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló kó wa síta. Ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà kí n tó tún rí i, níbi ìnáwó kan ní Òjòdú. Ó ń jó níwájú onílù, ó ń ná wọn lówó, ojú rẹ̀ ń dán. Inú rẹ̀ dùn. Ojú mi ló ṣe, ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé kò dùn. Òun ni mo fẹ́ gbé jókòó sórí àga yẹn.

Ìyá Aláṣọ Balógun

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan: nígbà tí ijó parí, ọ̀dọ̀ ta ló lọ?

Aláròkọ Ṣómólú

Mo ti gbàgbé títí ẹ fi béèrè.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló wá. Gbogbo tábìlì tó wà níbẹ̀, tiwa ló yà sí. Ó fa àga, ó jókòó, ó ń nu òógùn ojú, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ẹ rí bí mo ṣe jó?" Ìyá mi ní, "Mo rí i, àǹtí." Kò sọ nǹkan mìíràn, kò sì dìde. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi jókòó síbẹ̀. Inú bí mi débi pé mo jáde lọ dúró sídìí ọkọ̀. Títí di òní mi ò mọ ohun tó wá wá.

Tíṣà Yábàá

Àwọn onílù ò mọ ohun tó fi ra ijó yẹn. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un ò mọ̀. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà ní gbọ̀ngàn yẹn, ìyá yín nìkan ló mọ ìtàn náà látòkè délẹ̀. Ẹni tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta ló kù tó lè bá a yọ̀. Mo ti ń kọ́ni fún ọdún pípẹ́, mi ò rí i báyìí rí.

Adágbé Sùúrùlérè

Mo ṣì dúró lórí pé inú obìnrin yẹn dùn nígbà tó ń jó. Ẹ má pa ijó náà rẹ́ nínú eré yín, ẹ má sì sọ ọ́ di ìbànújẹ́ tó díbọ́n. Ẹ fi àkàrà náà sí i pẹ̀lú. Tí òǹwòran bá fẹ́ káàánú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tí ẹ sọ yìí, mo gbà pé eré náà ò lè parí sórí àga.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Àǹtí, ẹ gbé e kúrò lórí àga. Ẹ jẹ́ kó lọ bá opó náà nílé. Kí ó jẹ́ ilé oníyàrá púpọ̀, irú èyí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, kí iná ti lọ, kí á máa gbọ́ ìró bàtà olówó ńlá lórí sìmẹ́ǹtì kí á tó rí ojú rẹ̀. Kò sí ohun tó wọ́n níbẹ̀, ilẹ̀kùn kan àti fìtílà kan ti tó. Ẹ má fún un ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Òṣèré tó bá mọṣẹ́ á fi ìdúró rẹ̀ sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹjà

Kó tún gèlè rẹ̀ ṣe kó tó kan ilẹ̀kùn.

Aláròkọ Ṣómólú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti tún un kọ, olùdarí eré sì ní kí n gbé e wá síbi ìgbáradì lọ́jọ́ Sátidé.

Morẹ́nikẹ́ ń ṣílé. Ó jó, òun àti àwọn onílù tó háyà, inú rẹ̀ dùn, mi ò bù ú kù. Àwọn onílù gba owó, wọ́n lọ. Ó gun òkè, ó jókòó sórí àga rẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́. Ó dìde. Ó wọ bàtà.

Ìran tó kẹ́yìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Múṣin. Iná ti lọ. Ó tún gèlè ṣe, ó kan ilẹ̀kùn. Opó ṣí i, ó gbé fìtílà sókè, ó rí ẹni tó jẹ́. Morẹ́nikẹ́ ní, "Ìyàwó, ilé ti parí o." Ó pẹ́ díẹ̀ kí opó tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ kú oríire, àǹtí."

Morẹ́nikẹ́ dúró, ó ń retí ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e. Opó ò bi í.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Ṣé ó wá ti ilẹ̀kùn?

Aláròkọ Ṣómólú

Kò tì í. Iná ìtàgé ló kú nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà lórí ìdúró.